Irin gbígbé àti sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn agbérin Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin. Lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin ní jíìmù, àwọn tó da sìmẹ́ǹtì sínú agolo méjì tí wọ́n fi páìpù so ó pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn aláàárù ọjà Ouando, àwọn tó ń kó iṣu sínú ọkọ̀ ní Sábẹ̀, àtàwọn tó ń ru àpò àgbàdo ní Kétu. Ohun kan náà ló ń já wọn láyà: wọ́n gbọ́ pé bí èèyàn bá lo agbára jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù, àìsàn á sì ráyè wọlé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àṣìmọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síhìn-ín. Èmi kì í ṣe dókítà. Ibi tó bá kan dókítà, mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ ń kà gan-an nígbà tí ẹ bá ní ẹ ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun?

Ẹ̀jẹ̀ tí a fà sínú ìgò kékeré onídèérí elésè-àlùkò la ń lò. Ẹ̀rọ ló ń kà á, ṣùgbọ́n bí èsì ẹ̀rọ bá rú wa lójú, a óò tẹ́ ẹ̀kán kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, a óò fi aró kùn ún, a óò sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì pupa ló gba gbogbo ojú ibẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni funfun ń yọ láàárín wọn. Èyí tí inú rẹ̀ pín sí 3 tàbí 4, tí okùn tín-ín-rín so àwọn ìpín náà pọ̀, neutrophil ni. Èyí tí inú rẹ̀ rí roboto, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà, lymphocyte ni. Èyí tó tóbi jù, tí inú rẹ̀ tẹ̀, monocyte ni. A óò ka 100, a óò kọ iye tí irú kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà orí ìwé NFS yín, ìwé àyẹ̀wò tí a fi ń ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, ti ń wá.

Neutrophil ló ń kọ́kọ́ dé ojú ọgbẹ́, tó ń gbé kòkòrò mì. Monocyte ń jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, ibẹ̀ ló ti ń di macrophage tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, tó sì ń darí àtúnṣe. Lymphocyte pín sí B, tó ń ṣe èròjà tí ń gbógun ti àrùn. T, tí àwọn kan lára wọn ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀. Àti NK, tó ń pa irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ bí kò tilẹ̀ pàdé àrùn náà rí. Àgbàlagbà tó wà ní ìsinmi sábà máa ń ní sẹ́ẹ̀lì funfun 4,000 sí 11,000 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé irin láàárọ̀, mo gba lábò kọjá kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Èsì ní sẹ́ẹ̀lì funfun mi ti kọjá 12,000, wọ́n sì kọ oògùn apakòkòrò fún mi. Ṣé kí n lò ó?

Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ fún yín, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irin tán ni ẹ wá fa ẹ̀jẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀. Bí ara yín kò bá gbóná, tí ibì kankan kò dùn yín, ó ṣeé ṣe kó ní kí ẹ sinmi, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò náà ṣe.

Ìdí ni pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo agbára gidi, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á ga sókè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní 1902 ni Ralph Larrabee tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tó ka ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sá eré ọ̀nà jíjìn ti Boston: sẹ́ẹ̀lì funfun wọn ti lọ sókè bíi ti ẹni tí àrùn mú, bẹ́ẹ̀ kò sí àrùn lára wọn. Ó dùn mí pé títí di òní, a ṣì ń rí ẹni tó ń gbé oògùn mì nítorí nọ́ńbà tí irin gbé sókè. Apakòkòrò tí a lò láìnídìí ń kọ́ àwọn kòkòrò bí wọ́n ṣe lè borí rẹ̀, ọjọ́ tí a bá wá nílò rẹ̀ lóòótọ́, kò ní ṣiṣẹ́.

Níbo ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì yẹn ti wá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀? Ṣé ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wọ́n ni?

Rárá. Mùdùnmúdùn egungun ló ń ṣe wọ́n, kò sì lè yára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tó ìdajì neutrophil inú òpó ẹ̀jẹ̀ tí kì í bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn: wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri òpó, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀fóró àti nínú ọlọ inú tó wà lápá òsì ikùn. Nígbà tí ẹ bá bọ́ sábẹ́ irin, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ti ẹ̀jẹ̀, ìṣàn náà á sì gbá àwọn tó lẹ̀ mọ́ ògiri kúrò. Adrenaline, èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà iṣẹ́ agbára tàbí ìpayà, náà á jáde, á sì dé ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní ibi tí wọ́n fi ń gbà á. NK ló ní ibi ìgbà yẹn jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé NK ló ń fò sókè jù nínú gbogbo lymphocyte. Àwọn T tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pípa ló tẹ̀ lé wọn. B kì í fi bẹ́ẹ̀ mira.

Ẹ wo ọjọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde ní Kétu. Agbo kún, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé lọ́jọ́ yẹn. Inú ilé ni wọ́n wà tí ìlù fi pè wọ́n síta. Nígbà tí eré bá tán tí agbo ṣófo, kò sẹ́ni tó máa sọ pé àwọn ará Kétu ti kú tán. Èyí tí a ń kà ní lábò, ojú agbo nìkan ni. Nínú gbogbo lymphocyte tó wà lára èèyàn, nǹkan bí 2 péré nínú 100 ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù wà nínú ìfun, nínú ọlọ inú, nínú kókó abíyá àti ọrùn, nínú mùdùnmúdùn egungun àti ẹ̀dọ̀fóró.

Wọ́n ní lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, lymphocyte á wá kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣé kì í ṣe ìgbà yẹn ni àìsàn ń wọlé?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, mo sì fẹ́ kí ẹ ní sùúrù kà á.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń dín kù. Lẹ́yìn iṣẹ́ agbára tó le, lymphocyte, pàápàá NK àti T apani, lè sọ̀ kalẹ̀ ju iye tí wọ́n jẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, tí kì í sábà kọjá ọjọ́ kan, wọ́n á padà síbi tí wọ́n wà. Neutrophil kì í bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Òun tún máa ń gùn sí i fún wákàtí mélòó kan, nítorí pé cortisol, èròjà tí ara ń tú nígbà wàhálà, ń pe òmíràn jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé ìsọ̀kalẹ̀ yìí jẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ fún àrùn. Ìwádìí tí David Nieman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1990 wà lára ohun tó gbé èrò náà ró. Wọ́n bi àwọn tó sá eré ọ̀nà jíjìn ti Los Angeles ní 1987 léèrè bí ara wọn ti rí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú 100 wọn, 12.9 ló ní àìsàn ṣe òun. Nínú àwọn tó múra eré náà ṣùgbọ́n tí wọn kò sá a, 2.2 ni. Nọ́ńbà yìí tàn káyé, kò sì pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń sọ ọ́ nípa irin gbígbé náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹnu àwọn eléré náà ni wọ́n ti gba ìròyìn. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò bóyá fáírọ́ọ̀sì ló mú wọn tàbí eruku àti mímí líle ló dá ọ̀nà ọ̀fun wọn lẹ́gbò. Ẹni tó lọ sá eré náà tún wà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ó rìnrìn àjò, oorun rẹ̀ dàrú. Ní 2018, John Campbell àti James Turner ti Yunifásítì Bath kọ àgbéyẹ̀wò gígùn kan tí wọ́n fi sọ gbangba pé èrò fèrèsé yìí kò dúró. Àwọn lymphocyte kò kú. Wọ́n ṣí lọ ni. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi eku ṣe, wọ́n fi àmì tó ń tàn sára àwọn T, wọ́n mú àwọn eku náà sáré, wọ́n sì tọpa àwọn T náà dé ẹ̀dọ̀fóró, mùdùnmúdùn egungun àti ibi tí àjẹsára kóra jọ sí nínú ìfun. Ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò ti ń wọlé. Lójú tèmi, ara tó ń fi àwọn tó dáńtọ́ jù ránṣẹ́ sí ẹnubodè lẹ́yìn iṣẹ́ kì í ṣe ara tó ti rẹ̀ sílẹ̀.

Àríyànjiyàn kò tíì parí láàárín àwọn onímọ̀, pàápàá nípa àwọn eléré tó ń fi oṣù mélòó kan lo ara wọn láìsinmi. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń gbé irin ní ìgbà 3 lọ́sẹ̀, kò sí ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù níbẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀fìnkìn fi ń mú mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé irin nígbà ọyẹ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ọyẹ́ fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbẹ, eruku kún un, ẹnu lẹ sì fi ń mí nígbà tí irin bá wúwo. Imú tó yẹ kó sẹ́ eruku, ẹ kò lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo jíìmù yín: ẹni 10 lórí bẹ́ǹṣì kan, aṣọ ìnura kan náà, fèrèsé títì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè wákàtí tí ẹ fi sùn. Ní 2015, Aric Prather àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kán fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn sí imú èèyàn 164 tó yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn tí oorun wọn kò tó wákàtí 6 lóru ló kó ọ̀fìnkìn ní ìlọ́po 4 ju àwọn tó sùn kọjá wákàtí 7. N kò tíì rí ohun tí irin ṣe sí àjẹsára tó tó èyí. Ẹni tó bá ń ṣọ́ fóònù di aago méjì òru, tó wá jí ní aago márùn-ún lọ gbé irin, kó má di ẹ̀bi ru irin.

Irin gbígbé àti eré sísá, èwo ló ń ru sẹ́ẹ̀lì funfun sókè jù?

Eré gígùn, bíi wákàtí méjì lórí ọ̀nà. Ti irin sábà máa ń kéré sí i, kì í sì í pẹ́. Ohun tó ń mú kó le sí i ni iṣan ńlá, bí ìgbà tí ẹ bá gbé irin léjìká tí ẹ ń lóṣòó tí ẹ ń dìde, àti ìsinmi kúkúrú. Ẹni tó bá gbé e ní ìgbà 10, tó sinmi ìṣẹ́jú 1 kó tó tún gbé e, á rí ìrúsókè ju ẹni tó sinmi ìṣẹ́jú 3. Apá nìkan kì í rú nǹkan tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, gbogbo iṣan mi máa ń ro mí. Ṣé kòkòrò ti wọ̀ ọ́ ni?

Kò sí kòkòrò. Nígbà tí ẹ bá ń sọ irin kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iṣan ń nà bó ṣe ń fa, ìgbà yẹn ni àwọn fọ́nrán rẹ̀ máa ń ya tíntìntín. Láàárín wákàtí mélòó kan, neutrophil á ti wọ ibẹ̀. Monocyte á tẹ̀ lé e, á di macrophage, á jẹ èyí tó ya kúrò. Lẹ́yìn èyí, ìṣe macrophage náà á yí padà: yóò dẹ́kun ìpalẹ̀mọ́, yóò sì máa tú èròjà tó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tún iṣan ṣe dìde. Ìrora náà sábà máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72. Sẹ́ẹ̀lì funfun tí ẹ rò pé irin ń pa, àwọn ló ń bá yín kọ́ iṣan.

Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Iṣan tí ẹ bá ti kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan kò ní ya tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń lo ibuprofen lẹ́yìn irin lójoojúmọ́ kó má bàa ro mí. Ṣé ó burú?

Àbúrò, dá a dúró. Ibuprofen ń dí iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yẹn lọ́wọ́. Ní Sweden, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 8. Apá kan ń lo ibuprofen 1,200 mg lójúmọ́, apá kejì ń lo aspirin 75 mg péré. Iṣan itan àwọn oníbuprofen dàgbà ní nǹkan bí ìdajì ti àwọn yòókù. Ìwọ ń ra oògùn tó ń jẹ ohun tí ò ń ṣiṣẹ́ fún. Yàtọ̀ sí èyí, ibuprofen lórí ara tí omi ti gbẹ ń ṣe kíndìnrín léṣe, oòrùn Sábẹ̀ sì ń gbẹ omi ara gan-an. Bí ó bá ro ọ́, sinmi, rìn díẹ̀, mu omi. Èyí tí wọ́n ń tà ní pálí lójú ọ̀nà, má fọwọ́ kàn án rárá.

Wọ́n fún mi ní "dexa" kí ara mi lè tètè kún. Lóòótọ́ ara mi kún.

Omi àti ọ̀rá ló kún, kì í ṣe iṣan. Dexamethasone jẹ́ oògùn tó lágbára tí dókítà ń lò fún àìsàn kan pàtó. Tí a bá fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó sábẹ́ máíkírósíkóòpù, neutrophil á pọ̀, lymphocyte á ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ lè ní àjẹsára rẹ̀ ń gbóná. Irọ́ ni: àwọn neutrophil yẹn kò lè wọ ibi tí wọ́n ti nílò wọn dáadáa, lymphocyte sì ti rẹ̀ sílẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn lára lè jí. Ó ń jẹ iṣan itan, ó ń jẹ egungun, ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Èyí ni ìbàjẹ́ àjẹsára gidi, ẹ̀rù rẹ̀ ló yẹ kó máa ba àwọn agbérin wa ju ẹ̀rù irin lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ara ti gbàgbé bí a ti ń ṣe cortisol tirẹ̀, ó sì lè ṣubú. Ẹ lọ bá dókítà, ẹ má tijú, kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Neutrophil mi máa ń kéré nígbà gbogbo, wọ́n ní kí n fi irin sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni neutrophil wa kéré sí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì, nítorí pé ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti mú nọ́ńbà yẹn. Ó so mọ́ àmì kan tí kò sí lójú sẹ́ẹ̀lì pupa wa, tí wọ́n ń pè ní Duffy. Àìsí rẹ̀ ló ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ irú ibà kan, vivax, ó sì tún ń jẹ́ kí neutrophil máa pọ̀ níta ẹ̀jẹ̀ ju inú rẹ̀ lọ. Mùdùnmúdùn egungun kò ní àléébù, àkóràn kò sì pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wo àwọn ìdí mìíràn ná, kó fi èsì ti ọdún yìí wé ti tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ti rí látilẹ̀, tí ara yín sì le, kò yẹ kó lé yín kúrò nídìí irin.

ASAT àti ALAT mi ga. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ mi ti ń bàjẹ́.

Èròjà tí a ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí ẹ̀dọ̀ ti rí ni ASAT àti ALAT, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì wà nínú iṣan pẹ̀lú, kì í ṣe nínú ẹ̀dọ̀ nìkan. Nínú ìwádìí kan, àwọn ọkùnrin tí kò mọ irin gbé tẹ́lẹ̀ gbé e fún wákàtí 1 péré. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ti wọn ṣì ga. Síbẹ̀, ẹ má fi ìyẹn tan ara yín jẹ. Hepatitis B, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin tọ ìtọ̀ dúdú lẹ́yìn tó gbé irin. Ẹ̀jẹ̀ AS ló ní. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá mi, bí ó bá ṣẹlẹ̀ lónìí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má fún un ní àgbo.

Nígbà tí iṣan bá bàjẹ́ kọjá àlà, ohun inú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, myoglobin, ló ń sọ ìtọ̀ di àwọ̀ Coca, tó sì ń dí kíndìnrín. Potassium tó tú pẹ̀lú rẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Àmì rẹ̀ ni ìrora tó ju ti ojoojúmọ́ lọ, iṣan tó wú tó le gbagidi, àìlágbára, àti ìtọ̀ dúdú yẹn. Ẹnikẹ́ni ló lè ní in: ẹni tó fi ọjọ́ kan péré ṣe pọ́ǹpù (fífi apá ti ara sókè láti ilẹ̀) ọgọ́rùn-ún mélòó kan nítorí ìdíje, ẹni tó gbé irin nínú oòrùn láìmu omi, ẹni tó ń gbé e pẹ̀lú ibà lára.

Ẹ̀jẹ̀ AS ń dá kún un. Ní 2016, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú 47,944 ní Amẹ́ríkà. Ewu ìbàjẹ́ iṣan yìí fi 54 nínú 100 ga jù fún àwọn AS. Ewu ikú kò ga jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí pé wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ogun náà láti máa mu omi, kí wọ́n máa sinmi, kí wọ́n sì máa ṣọ́ra fún oòrùn. Láàárín àwa Yorùbá, ó tó ẹni 1 nínú 4 tàbí 5 tó ní AS. Mi ò ní kí AS má gbé irin. Mo ní kí ó mọ̀ pé AS ni òun, kí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀, kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, kó sì dúró nígbà tí ara bá ní kó dúró. Ẹni tó ní SS tàbí SC, tó wọ́pọ̀ ní Benin, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irin láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀.

Aláàárù ni mí. Ṣé mo ṣì nílò irin?

Irin kọ́ lẹ nílò, ìsinmi ni. Ẹni tó ń gbé irin ń yan ìwúwo, ń yan ọjọ́, ó sì ń jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ru àpò 100 kilo láti àárọ̀ kò yan ọ̀kankan. Ara rẹ̀ kì í rí àyè sinmi. Bí ẹ bá lè fi ọjọ́ 1 sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ jẹun àárọ̀ kí ẹ tó ru ẹrù, kí ẹ sì pín àpò ńlá sí méjì níbi tí ọ̀gá bá gbà, ẹ ti ṣe ohun rere fún ara yín. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọlọ́jà náà: ẹni tó ń ru ẹrù yín, ẹ jẹ́ kó jẹun.

Kí ni kí n máa jẹ?

Ẹ má ra agolo lulú olówó gọbọi. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja odò wa, wàgàṣì, ẹ̀wà sọ́yà: àwọn wọ̀nyí ló ń fún iṣan àti sẹ́ẹ̀lì funfun ní ohun tí wọ́n fi ń ṣe ara wọn. Nǹkan bí giramu 1.6 èròjà protein fún kilo kọ̀ọ̀kan ara lójúmọ́ ti tó fún agbérin. Ẹ̀kọ, gàrí àti iṣu náà kì í ṣe ọ̀tá: ara tí kò rí oúnjẹ agbára nígbà iṣẹ́ gígùn máa ń tú cortisol sí i. Lóṣù Ramadan, ẹ sún irin síwájú di ẹ̀yìn ìṣínu, kí omi lè ti wọ ara.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtọ́jú ibà. Ìgbà wo ni mo lè padà?

Ẹ má kánjú. Ibà ń wú ọlọ inú, ibi kan náà tí mo ní sẹ́ẹ̀lì funfun ń jókòó sí. Ọlọ inú tó wú lè ya nígbà tí ẹ bá di èémí mọ́nú gbé ohun wúwo, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà sínú ikùn. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń pani. Ẹ jẹ́ kí dókítà fọwọ́ tẹ apá òsì ikùn yín kí ẹ tó padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó fúyẹ́.

Mò ń gbé pẹ̀lú HIV, mò ń lo oògùn mi. Ṣé irin ò ní jẹ CD4 mi?

Kò ní jẹ ẹ́. Ìwádìí lórí àwọn tó ń lo oògùn wọn déédéé, tí ara wọn sì dúró, fi hàn pé irin gbígbé tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ kò léwu, ó ń fi iṣan kún ara, kò sì dín CD4 kù. Ohun kan péré: CD4 wà lára àwọn T tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn. Ẹ má gbé irin kí ẹ tó wá kà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà á tàn yín jẹ.

Bàbá mi ti lé ní 65. Ṣé ọjọ́ orí rẹ̀ kò ti kọjá èyí?

Kò kọjá. Àjọ WHO sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń mú iṣan le, ó kéré tán ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, kí àwọn tó ti kọjá 65 sì fi ìdúróṣinṣin ẹsẹ̀ kún un. Dìde láti orí àga láìfọwọ́ tì í, ìgbà 10. Gbé ìgò omi méjì. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀.

Nígbà wo gan-an ni kí n wá fa ẹ̀jẹ̀?

Fún NFS àti CD4, ẹ fi irin sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Fún ASAT àti ALAT, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí dókítà bá gbà. Ẹ wá ní òwúrọ̀, ẹ mu omi, ẹ má sáré wá, bí ẹ bá sì gun àtẹ̀gùn, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí a tó fa ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, tí ara gbóná tàbí tí ìtọ̀ dúdú, ẹ má ka wákàtí kankan, ẹ wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ yín ọjọ́ tí ẹ gbé irin kẹ́yìn, kó kọ ọ́ sórí ìwé náà.